Bíà tí à ń fi pamọ́ àti èyí tí a kì í fi pamọ́: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ará àdúgbò ń kó bàtà òjò àti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ sí, igo bíà 57 ló dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn. Ojúbọ ni ìyàwó mi ń pè é. Àlejò tó bá ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yẹn á yanu, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ṣí ilé ọtí ni?" N kò fẹ́ ṣí ilé ọtí, n kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń kọjá tí n kì í ṣí ju igo kan lọ. Ohun tí mo ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹni tó ń kó aṣọ òkè tàbí àwo orin àtijọ́ jọ, àfi pé tèmi ń yí padà níbi tó wà.

Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó sọ ọ́. Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní kùtùkùtù dùn bí oyin. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń hó, ó ti mú. Tó bá dalẹ́, ó ti ń kan. Ẹmu kan náà ni, wákàtí ló yàtọ̀. Bíà náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti àwọn kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti àwọn mìíràn sì lè tó 20 ọdún. Iṣẹ́ ẹni tó ń kó bíà jọ kò ju kó mọ èwo ni èwo lọ.

Craft beer ni wọ́n ń pe irú bíà tí mò ń sọ: bíà ilé ìpọntí kékeré, tí ẹni tó pọn ọ́n lè sọ fún ọ irú ọkà tó lò àti ìdí tó fi lò ó. Nílé, tí a bá ní ká lọ mu bíà, a ti mọ ohun tí à ń sọ: Star, Gulder, tàbí Ọdẹkú. Star ti jáde láti ọdún 1949 ní Èkó. Iṣẹ́ ilé ìpọntí ńlá ni pé kí igo tòní má yàtọ̀ sí ti àná. Iṣẹ́ ribiribi ni, ẹ má fojú rénà rẹ̀. Apọntí kékeré kò lè ṣe é, kò tilẹ̀ wù ú ṣe.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1971 ni ẹgbẹ́ CAMRA dìde láti gbèjà bíà inú àgbá tí ìwúkàrà rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin kan lọ́dún 1978 tó gba àwọn ènìyàn láyè láti máa pọn bíà nínú ilé wọn láìsan owó orí, ọ̀pọ̀ àwọn tó wá dá ilé ìpọntí sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ló jẹ́ pé inú ilé ìdáná ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ilé ìpọntí Sierra Nevada bẹ̀rẹ̀ ní Chico, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, lọ́dún 1980. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, The Kernel bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin lọ́dún 2009. Ní báyìí, tó bá di ọjọ́ Sátidé, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé ìpọntí kan dé òmíràn lábẹ́ àwọn afárá Bermondsey, títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú igo

Ọkà, hop, ìwúkàrà, omi. Ó tán.

Ọkà bálì ni wọ́n ń lò jù. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á wá fi iná gbẹ ẹ́ kó má bàa dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà bá ti pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ rí kò ní yanu síbí, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe sí àgbàdo náà nìyẹn: wọ́n á rẹ ẹ́, á hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó hó. Híhù yẹn ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú ọkà lè di ṣúgà, ṣúgà yẹn ni ìwúkàrà á jẹ tí yóò fi di ọtí. Bí iná bá ṣe tó lára ọkà ni bíà ṣe ń dúdú tó. Iná díẹ̀, adùn rẹ̀ dà bí búrẹ́dì. Iná tó pọ̀ díẹ̀, ó dà bí etí dòdò tó gbóná jù. Bí iná bá wá rọ́ ọ dúdú, ó di kọfí àti kókó, ibẹ̀ ni àwọ̀ Ọdẹkú ti wá.

Hop jẹ́ òdòdó ewéko kan tó ń lọ́ mọ́ igi. Òun ló ń mú bíà korò, òun ló ń jẹ́ kó ta sánsán, ó sì ń gbèjà rẹ̀ kó má tètè bàjẹ́. Kíkorò rẹ̀ rí bíi ti orógbó: ojú á kọ́kọ́ rọ́ ẹni, lẹ́yìn náà ẹnu á tún máa béèrè sí i.

Ìwúkàrà ló pín gbogbo bíà sí ìdílé méjì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú lílọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 15 sí 24°C, ló ń bí ale, ó sì máa ń mú òórùn èso jáde. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù, bíi 7 sí 13°C, ló ń bí lager, tí wọ́n á tún fi pamọ́ sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ó tó mọ́ lóòló. Star jẹ́ lager. Stout, bíà dúdú bíi Ọdẹkú, wà nínú ìdílé ale. Nígbà tí àwọn ìjòyè Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, ṣòfin lọ́dún 1516 pé ọkà bálì, hop àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà, wọn ò tilẹ̀ dárúkọ ìwúkàrà, òun tó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Igo mẹ́fà àkọ́kọ́

Ẹ má sáré lọ ra èyí tí gbogbo ayé ń pariwo. Ẹ ra igo mẹ́fà tí ọ̀kan kò jọ èkejì, kí ẹnu yín lè mọ bí pápá náà ṣe fẹ̀ tó.

Àkọ́kọ́ ni bíà àlìkámà ti Jámánì. Ti Schneider tàbí Weihenstephan dára. Ẹ ó gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti kànáfùrù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan sí i. Ìwúkàrà ló ṣe é. Ìkejì ni IPA, ale tí hop rẹ̀ pọ̀, láti ilé ìpọntí tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́: tí kò bá tíì ju oṣù kan lọ, ẹ gbé e, tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kí ó lókìkí tó. Ìkẹta ni Westmalle Tripel ti Bẹ́ljíọ̀mù, tí agbára ọtí rẹ̀ jẹ́ 9.5%, tó mọ́lẹ̀ bí wúrà tó sì lè gbé àgbàlagbà lulẹ̀. Ìkẹrin ni Rochefort 8, 9.2%, tó dúdú bí omi dàbínù. Ilé àwọn mọ́ńkì ni méjèèjì ti ń jáde. Ìkarùn-ún ni gueuze, bíà Bẹ́ljíọ̀mù tí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ ń sọ di ọtí, irú ti ilé Boon ní Lembeek, èyí tó kan gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ràn àgbálùmọ̀, tó ń jẹ ẹ́ dé ibi tí eyín á fi máa kan, á mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun nìyí. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á pọ́n omi lé e.

Ìkẹfà wà nílé. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà ní Peckham tàbí ibikíbi tí àwa ará ilé bá pọ̀ sí, kí ẹ ra Guinness tí wọ́n pọn ní Nàìjíríà, 7.5%. Ẹ gbé e ka ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ń fà láti inú ẹ̀rọ ní ilé ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ju bíi 4% lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni, ẹ̀gbọ́n ni tiwa. Lọ́dún 1988 ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà bálì tó ti hù wọ̀lú, àwọn ilé ìpọntí bá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ọkà bàbà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ bíà ilé títí dòní. Àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ń kó bíà jọ máa ń wá ti Nàìjíríà yìí kiri bí ẹni ń wá wúrà, àwa sì ń fi í ti iyán lọ́fun lọ́jọ́ ìnáwó.

Ẹ dà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ tó mu ún

Ife ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ilé tí wọ́n bá ti ń dín dòdò, òróró wà lára kànìnkànìn tí wọ́n fi ń fọ abọ́, bí òróró bá sì wà lára ife, ìfófòó kò ní dúró. Mo ní kànìnkànìn kan tó jẹ́ ti ife nìkan, ìjà tí a ti jà lórí rẹ̀ nínú ilé wa kò kéré. Ẹ fi omi tútù ṣan ife náà kẹ́yìn, kí ẹ dà á dojú dé, ẹ má fi aṣọ nù ún. Bí ẹ bá da bíà sí i tí ẹ rí i tí àwọn ìfófòó wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ife, ife náà ò mọ́.

Òtútù fìríìjì máa ń di ahọ́n. Lager lè tutù dáadáa, 4 sí 7°C. Ale fẹ́ 8 sí 12°C. Èyí tó le, tó dúdú, ẹ jẹ́ kó tó 12 sí 14°C: ẹ gbé e jáde láti inú fìríìjì ní bíi ìṣẹ́jú 40 kí ẹ tó ṣí i. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ pé bíà tí kò bá tutù bíi yìnyín kò dára, nítorí oòrùn ilé, nítorí pé lager la sì ń mu. Ẹ gbàgbé ìyẹn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rọra dà á gba ara ife, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ nà án dúró kí ìfófòó lè jókòó lórí bí ìka méjì. Bí ìwúkàrà bá wà nísàlẹ̀ igo, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í pani, àmọ́ ó máa ń ba adùn jẹ́. Bíà àlìkámà nìkan ni wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni imú. Ẹ fi imú sí i lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnu tó kàn án, torí òórùn àkọ́kọ́ kì í pẹ́ kó tó sá lọ. Nígbà tí ẹ bá mu ún, ẹ gbé e mì. Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò máa ń tu ú dànù, ti bíà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ọ̀fun ni kíkorò hop ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tí imú yín gbọ́. Ìwé tí mo kọ́kọ́ rà fún iṣẹ́ yìí kún fún orúkọ èso tí n kò jẹ rí láyé mi. Mo dà á nù. Kí ni mo mọ̀ nípa gooseberry? Mo mọ ọsàn wẹ́wẹ́, mo mọ ẹ̀pà sísun, mo mọ ìrèké, mo mọ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ohun tí mo kọ nípa Orval nìyí, ọtí àwọn mọ́ńkì kan ní gúúsù Bẹ́ljíọ̀mù, 6.2%, tí wọ́n fi ìwúkàrà ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Brettanomyces sí nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ sígo:

"Oṣù 3. Ó korò bí orógbó. Èèpo ọsàn. Ìfófòó funfun, ó ga ju bíà lọ. Kò sí òórùn òbúkọ."

"Oṣù 15. Kíkorò ti rọ̀. Awọ ìlù dùndún tí wọ́n sá sóòrùn. Òórùn òbúkọ ti dé, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé. Ó gbẹ lẹ́nu."

Igo méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n. Ní ilé ọtí tó wà lẹ́bàá ilé àwọn mọ́ńkì yẹn, wọ́n máa ń bi oníbàárà pé ṣé tuntun ló fẹ́ ni àbí èyí tó ti dàgbà. Bí ẹ kò bá ní ju owó bíà kan lọ láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí, Orval ni kí ẹ rà. Ẹ ra mẹ́rin, ẹ mu ọ̀kan lónìí, ẹ pín ìyókù sí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ẹni tó bá fẹ́ràn fóònù lè máa lo Untappd, áàpù tí wọ́n fi ń kọ bíà tí wọ́n mu sílẹ̀, dípò ìwé. Èmi ń lo méjèèjì: fóònù fún orúkọ, ìwé fún òtítọ́.

Èyí tó yẹ kó sùn àti èyí tí kò yẹ

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ra agolo IPA mẹ́rin tí inú mi dùn sí kọjá ààlà. Mo ní ó dìgbà tí a bá bímọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ la máa mu ún. Ọmọ dé lẹ́yìn oṣù 14. Mo kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ sí ilé ìdáná, mo sọ̀rọ̀ ọtí náà bí ẹni ń ki ọba, mo ṣí i. Páálí tí òjò rọ̀ sí. Òórùn páálí tí òjò rọ̀ sí, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan rọra gbé ife sílẹ̀, ó ní, "Ṣé Màltínà kò sí nílé ni?" Ọtí náà kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo pa á. Òórùn hop kì í dúró de ẹnikẹ́ni, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà nínú agolo sì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára ọkà.

Látìgbà náà ni mo ti ní òfin. IPA, lager, bíà àlìkámà, gbogbo bíà tí adùn rẹ̀ wà lára òórùn hop tàbí lára mímọ́ lóòló: ẹ mu ún láàárín oṣù mẹ́ta, fìríìjì ni kó sì máa gbé. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ ó máa rà ló wà nínú ẹ̀ka yìí. N kò fi èyí dẹ́rù bà yín. Ẹni tó bá ń kó bíà jọ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, òkú ló ń kó jọ.

Èyí tó lè sùn ni èyí tó ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Agbára ọtí ni ìkíní: 8% sókè. Ìkejì ni ìwúkàrà ààyè nínú igo, tó ń jẹ afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù. Ìkẹta ni dúdú, nítorí ọkà tí iná ti bà á máa ń fara da ọjọ́ orí. Ìkẹrin ni kíkan, èyí tó jẹ́ kí gueuze lè wà fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kò tilẹ̀ lágbára ju nǹkan bí 6 tàbí 7% lọ. Bíà tó bá ní méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹ lè dán an wò. Rochefort 10 ní mẹ́ta: 11.3%, ó dúdú, ìwúkàrà rẹ̀ ń mí. Chimay aláwọ̀ búlúù, 9%, náà kì í ṣọ̀lẹ. Orval ni kò tẹ̀lé òfin mi, nítorí ìwúkàrà ìgbẹ́ inú rẹ̀.

Sísùn kì í sọ bíà burúkú di rere o. Bíà tí kò bá dùn mọ́ yín lẹ́nu lónìí, ẹ má tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn kí ẹ máa retí iṣẹ́ ìyanu.

Ibi tí wọ́n á sùn sí

Òkùnkùn, ìtutù tí kì í yí padà, ìdúróṣánṣán. Mẹ́ta náà nìyẹn.

Òkùnkùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń ja hop nínú igo. Igo búráùn ń gbèjà rẹ̀ dáadáa, igo aláwọ̀ ewé àti èyí tó mọ́ gaara kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé igo aláwọ̀ ewé kan sójú fèrèsé lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti ń rùn bí igbó tí àwọn ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ ilé wa ń fà. Ìyàwó mi wò mí lójú tìfura-tìfura.

Ìtutù, 10 sí 13°C ni ó dára jù. Ooru ń pa bíà, bẹ́ẹ̀ náà ni ooru lónìí òtútù lọ́la. Nínú ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ àtẹ̀gùn dára tí páìpù ẹ̀rọ amúlégbóná kò bá gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fọwọ́ kan ògiri náà ní oṣù January kí ẹ tó kó ẹrù sí i. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, rárá. Fún ẹ̀yin tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, mi ò ní tàn yín: yàrá tó ń gbóná dé 30°C kò gba bíà tó ń sùn. Àfi kí ẹ ní fìríìjì kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀, tí ẹ yí bọ́tìnnì rẹ̀ sí ibi tí kò tutù jù, tí iná kì í sì í lọ fún ọjọ́ púpọ̀ lára rẹ̀. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ máa rà, ẹ máa mu, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbádùn wà níbẹ̀ náà.

Ìdúróṣánṣán, nítorí tí igo bá dùbúlẹ̀, ojú tí bíà fi ń kan afẹ́fẹ́ á fẹ̀ sí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì tò sí ẹ̀gbẹ́ igo, ẹ ò sì ní rí i yọ kúrò nínú ife.

Ẹ so pépà mọ́ ọrùn igo kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣí i. Ọjọ́ kejì yìí ṣe pàtàkì ju tàkọ́kọ́ lọ. Igo tí kò ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, ẹ kò ní ṣí i láéláé. Ẹ ó máa sọ pé "ó dìgbà tí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀".

Ẹ rà á ní mẹ́ta-mẹ́ta

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Igo kan ṣoṣo kò lè sọ ìtàn fún yín. Ẹ ra mẹ́ta: ẹ mu ọ̀kan lọ́sẹ̀ tí ẹ rà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mu èkejì lẹ́yìn ọdún kan. Nípa ohun tí èkejì bá sọ ni ẹ ó fi mọ ìgbà tí ẹ máa ṣí ìkẹta.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ra bíà kan náà lọ́dọọdún. Fuller's, ní Chiswick ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Vintage Ale lọ́dún 1997, 8.5%, ìwúkàrà wà nínú igo, ọdún tí wọ́n pọn ọ́n sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo ń ra igo méjì lọ́dún. Ní oṣù December tó kọjá, mo ṣí mẹ́ta pa pọ̀: tọdún 2016, 2019 àti 2022. Èèyàn márùn-ún la jókòó. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ pé Gulder nìkan ni bíà lójú rẹ̀, ẹran sísun ló bá wá.

Èyí tó kéré jù la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àgbà ni wọ́n máa ń gbẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Tọdún 2022 pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìfófòó rẹ̀ yí ife po, òórùn mámáléèdì ọsàn, kíkorò tó ṣe tààrà. Tọdún 2019 ti rọlẹ̀. Kíkorò ti sún sẹ́yìn, oyin ti bọ́ síwájú, àti ohun kan bíi bọ́tà orí búrẹ́dì gbígbóná. Tọdún 2016 kò fi bẹ́ẹ̀ hó mọ́. Ó dúdú ju àwọn àbúrò rẹ̀ lọ, dàbínù ló ń rùn, àti àpótí aṣọ àwọn ìyá wa àtijọ́, igi àti káfúrà. Ẹ̀gbọ́n Gulder gbé ife náà sí imú, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ó ní, "Bíà kan náà lẹ pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ bu tàgbà yẹn sí i.

Ìṣirò ọjọ́ yẹn nìyí, torí ó yẹ kí ẹ máa ṣe é. Ẹ sọ iye milílítà di ìlọ́po agbára ọtí, kí ẹ pín in sí 1,000, iye yúnìtì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọtí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Igo 500 milílítà tó jẹ́ 8.5% jẹ́ 4.25. Mẹ́ta jẹ́ 12.75. Láàárín ẹni márùn-ún, ó dín díẹ̀ ní 2.6 fún ẹnì kan. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àgbàlagbà má kọjá 14 lọ́sẹ̀. Igo Rochefort 10 kékeré, 330 milílítà, jẹ́ 3.7 fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí kékeré rẹ̀ tàn yín. Aláboyún kò sí nínú eré yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ wakọ̀ lọ sílé. Lílo ife kékeré kì í ṣe ahun.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ kan péré: ata. Hop púpọ̀ máa ń ta ata nídìí, ata á tún máa jó ẹnu sí i. Bí ẹ bá ń jẹ sùyà tàbí àsun, ẹ mú bíà tí ọkà rẹ̀ dùn, irú Rochefort 8 tàbí stout. Gueuze àti ẹja sísun bá ara wọn mu bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti ẹja.

Bí ẹ bá lọ wá a níbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n

Ọdún 2016 ni UNESCO kọ àṣà bíà Bẹ́ljíọ̀mù mọ́ ogún ayé. Bí ẹ bá dé Brussels, ẹ lọ sí Cantillon ní Anderlecht, ilé ìpọntí ìdílé kan tó ti wà láti ọdún 1900, wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọ inú rẹ̀. Lókè pátápátá ilé náà ni agbada bàbà kan wà, ó gbòòrò, kò jìn, ó sì ṣí sílẹ̀. Omi ọkà tí wọ́n ti sè ni wọ́n máa ń rọ síbẹ̀ kó sùn di àárọ̀, àwọn ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ á wá wọ inú rẹ̀ fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí i. Inú òtútù nìkan ni wọ́n ń ṣe é, torí tí ooru bá dé, àwọn kòkòrò tí wọn kò pè á bá wọn wá. Nígbà tí mo dúró níbẹ̀, adẹ́mu ló sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló ń fi ìwúkàrà sí ẹmu? Akèrègbè ló ń gbé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sínú àgbá igi, wọ́n á pa ti ọdún kan, ọdún méjì àti ọdún mẹ́ta pọ̀ mọ́ra, òun ni gueuze.

Tí ẹ bá ń gbé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gba lítà 42 bíà fún ẹnì kan láìsan owó ibodè, tó bá jẹ́ fún mímu yín tàbí ẹ̀bùn. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, inú báàgì tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ni. Ẹ ki igo kọ̀ọ̀kan bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ẹ fi lílọ́ọ̀nù wé e, ẹ tò wọ́n sáàárín aṣọ, kí igo kan má fara kan èkejì tàbí ẹ̀gbẹ́ báàgì. Ọ̀kan fọ́ mọ́ agbádá funfun mi lára rí. Agbádá yẹn kò padà sí funfun mọ́.

Igo tó ti bàjẹ́

Àwọn kan á bàjẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ń rùn bí páálí, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá dà bí bọ́tà tí ó fà lẹ́nu, tàbí bí omi àgbàdo sísè, ilé ìpọntí ló ti wá. Bí kíkan bá wà nínú ohun tí kò yẹ kó kan, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Igo àgbà lè tú jáde bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́: ẹ ṣí i nínú síńkì, kí ife wà lọ́wọ́ kejì, kí ẹ rọra tú ìdérí díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó dúdú tó ti kú kò yẹ ní dídànù. Ẹ gé àlùbọ́sà mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó rọ̀ nínú òróró títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ da ẹran màlúù tó léegun sí i, ẹ da gbogbo igo lé e lórí, ewé efinrin gbígbẹ díẹ̀, iyọ̀, ata rodo kan tí ẹ kò gé. Iná kékeré, wákàtí mẹ́ta. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ní irú rẹ̀, àmọ́ wọn kì í fi ata rodo sí i.